Ta Ló Rán Ọ Lọ sí Àpòmù?

Ẹnu méjì ni àwa Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ìrìn láyé òde òní, mo sì fẹ́ wí tèmi lórí rẹ̀ lóṣù yìí, bí inú àwọn kan tilẹ̀ máa bí sí mi. Bí ọmọ wa tó wà lókè òkun bá jí lọ́jọ́ Sátidé, tó kàn wọ ọkọ̀ ojú irin láìrò ó tẹ́lẹ̀, tó lọ wo ìlú tí kò dé rí, tó sì padà wá sùn sí yàrá rẹ̀ lálẹ́, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó ní ojú ọmọ ti là. Bí èyí tó wà nílé bá ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́, a ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé. Bó bá wá lọ jẹ́ obìnrin, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a ó sọ ọ́, n kò ní í tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Ìdílé kan wà ní Ìkirè tí mo mọ̀ bí ẹni mowó. Baálé ilé náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí mi, torí náà n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ka ìwé yìí, yóò mọ̀ pé òun ni mo ń bá wí. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń kàwé ní Lund, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Swídìn. Kò sí òde tí ẹ̀gbọ́n mi yìí lọ tí kì í yọ fóònù jáde. "Ẹ wò ó, Malmö nìyí. Ẹ wo Copenhagen. Ọmọ yìí kò sọ fún ẹnì kankan o, ó kàn jí ni, ó ní òun fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán ní Dẹ́ńmáàkì!" Àwọn ìyá á kígbe, àwọn bàbá á mi orí. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè fi ìka fẹ àwòrán náà dáadáa.

N kò bá ọmọ náà jà. Ohun tó ń ṣe dára. Láti Lund dé Malmö, bí ẹní bu omi mu ni nínú ọkọ̀ ojú irin. Láti ibẹ̀, afárá ńlá kan gba orí òkun kọjá lọ sí Dẹ́ńmáàkì. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i. Ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀, mọ́tò ń gba òkè. Kò ju bíi wákàtí kan lọ tí èèyàn fi ń ti Lund dé àárín ìgboro Copenhagen. Bí kò bá fẹ́ gba ibẹ̀, ó lè lọ sí Helsingborg, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Helsingør, bíi ìṣẹ́jú 20 péré. Ilé olódi tó wà níbẹ̀ ni Shakespeare fi ṣe ilé Hamlet, ìwé tí àwa kan kà nílé-ìwé girama tí a rò pé inú ìwé nìkan ni ibẹ̀ wà. Àwọn orílẹ̀-èdè apá ibẹ̀ ti fẹnu kò láti àwọn ọdún 1950 pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ èkejì láìmú ìwé ìrìnnà dání. Àlejò bí ọmọ Ìkirè náà ńkọ́? Bí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ní Swídìn bá ti pé, àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Schengen gbà á láyè láti rìn káàkiri fún ọjọ́ 90 nínú 180, kó ṣáà mú ìwé rẹ̀ dání, nítorí ní 2015 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn dúró yẹ̀wò lẹ́nu ibodè náà. Wọ́n tún ní òfin kan ní Swídìn tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gba inú igbó kọjá, igbó ẹni yòówù kó jẹ́, bí kò bá ṣáà ti ba oko jẹ́, tí kò sì sún mọ́ ilé onílé jù. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ka ìrìn sí, kì í ṣe àṣejù.

Gbogbo èyí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń yangàn. Kò burú. Ẹ wá gbọ́ ti àbúrò ọmọ náà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti pé ogún ọdún, ilé ní Ìkirè ni òun ti ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí kò ní kíláàsì, ó ra dòdò dání, dòdò Ìkirè wa yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ tí wọ́n fi ata pò, tí wọ́n fi epo dín títí ó fi dúdú, ó wọ ọkọ̀, ó di Àpòmù. Ó rin ọjà já, ó bá àwọn àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀. Ó tún wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀, ó lọ wo Orílé-Òwu, ó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Kò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wà ní pálọ̀ wọn nígbà tó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni pé, "Ta ló rán ọ lọ sí Àpòmù?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Mo kàn ní kí n lọ wò ó ni."

"Kí o lọ wo kí ni? Ta ló kú níbẹ̀? Ta ló bímọ?"

Ó gba fóònù ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bàbá tó ń fi fóònù tirẹ̀ polówó Copenhagen kiri ló gba fóònù ọmọ tó lọ sí Àpòmù.

Látìgbà náà ni ìbéèrè yẹn ti ń jà lọ́kàn mi. Lójú tiwa, ìrìn tí kò bá ní ìránṣẹ́ nínú, ìranù ni. Àfi kí èèyàn máa lọ sínáwó, tàbí kó lọ kí aláìsàn, tàbí kó lọ tajà. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe. Baba ta ni? Àwọn alárìnjò tó ń gbé eégún apidán láti ìlú dé ìlú, ta ló rán wọn? Àwọn Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló tí ẹsẹ̀ wọn dé abúlé tí ọba ìlú gan-an kò mọ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó di onílé ní ilẹ̀ Gáná kí wọ́n tó lé wọn ní 1969, ṣé ìdí ààrò ni wọ́n jókòó sí? Ẹ óò ní òwò ló gbé àwọn yẹn jáde. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ tèmi wá. Nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá ń hù l'Ékòó bí olú láàárín àwọn ọdún 1920, E. A. Akíntàn tó ni Elétí Ọfẹ àti I. B. Thomas tó ni Akéde Èkó a máa dìde ní ìdí tábìlì wọn, wọn a lọ wo àwọn ìlú òkè, wọn a sì kọ ohun tí ojú wọn rí sínú ìwé ìròyìn fún àwọn tí kò lè lọ. Àwọn òǹkàwé sì ń rà á. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé ta ló kú níbẹ̀.

Ẹ ó tún ní, kí ló tilẹ̀ wà ní Àpòmù tí ọmọ ń lọ wò? Ọjà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná. Ibi tí èrò bá sì ti pọ̀, gbọ́mọgbọ́mọ á dé ibẹ̀. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé nínú ọjà náà, wọ́n ń tà wọ́n sẹ́rú. Aláàfin Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni, ó ránṣẹ́ sí Olówu, pé kí wọ́n fòpin sí i, kí ẹni tó wá ná ọjà lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọ oyè kan wà láti Ọ̀yọ́ nígbà náà, Aólẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ ń rìnrìn òwò. Wọ́n dé Àpòmù, Aólẹ̀ sì ta ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń sùn lójú ọ̀nà, ó tà á bí ẹní ta ewúrẹ́. Baálẹ̀ Àpòmù gbọ́. Kò wo ti pé ọmọ ọba ni, ó ní àṣẹ Aláàfin ni àṣẹ, ó ní kí wọ́n nà án, wọ́n sì nà án dáadáa. Ìgbà tó yá, Abíọ́dún wàjà, ó sì di pé Aólẹ̀ yìí náà ló gorí ìtẹ́. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé ọba tuntun yóò dárúkọ ọ̀tá tí wọn ó kọ́kọ́ gbógun tì. Wọ́n bi í. Ó ní Baálẹ̀ Àpòmù ni. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé gbogbo ilẹ̀ náà ló máa jóná nítorí òun, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gé orí òun lọ fún ọba, kí inú rẹ̀ lè rọ̀.

Ọkùnrin kan kú nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n máa ta arìnrìnàjò. Kì í ṣe ní Swídìn o. Àpòmù ni, ibi tí ọkọ̀ ń gbé èèyàn dé láti Ìkirè kó tó jẹ dòdò ọwọ́ rẹ̀ tán. Ọmọ mélòó ní Ìkirè ló mọ ìtàn yìí? Bàbá mélòó?

Lẹ́yìn bí ọdún 30, ní nǹkan bí 1820, ọjà kan náà tún dá sílẹ̀. Ataare ló dá a sílẹ̀, ataare lásán, òǹtà àti òǹrà, Òwu àti Ìjẹ̀bú, wọn kò gbọ́ra wọn yé lórí iye rẹ̀. Asọ̀ di ìjà, ìjà di ogun. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú dó ti Òwu, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn. Johnson ní ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dó tì í kí ìlú náà tó fọ́. Lára àwọn ọmọ Òwu tó fọ́n ká ló wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1834. Ibi tí gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn dúró sí tó ń wò, tí bàbá rẹ̀ ní kò lọ wo nǹkan kan.

Mo pe ọmọ tó wà ní Lund lórí fóònù. Ọmọ dáadáa ni, ó kí mi títí. Mo ní, "Ìlú tí o wà yẹn, ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?" Ó ní, "Àwọn ará Swídìn náà ni, sà." Ó ti lo ọdún kan ààbọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni gbogbo agbègbè yẹn títí di 1658, kí ogun tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1666, ni wọ́n dá yunifásítì tó ń lọ sílẹ̀, ara ìdí rẹ̀ sì ni láti sọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà di ọmọ Swídìn. Ní oṣù Kejìlá 1676, àwọn méjèèjì tún pàdé lẹ́yìn ìlú Lund gan-an, wọ́n pa ara wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ara wọn lónìí nìyẹn. Orí ilẹ̀ yẹn ni ọmọ wa ń rìn kọjá láràárọ̀.

Àti Dẹ́ńmáàkì tó ń lọ yìí. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń gbé kọ́ èjìká, ìbọn àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni Òyìnbó ń pè é títí dòní, nítorí pé àwọn oníṣòwò wọn wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa. Ilé olódi tó wà ní Osu ní Àkrá, àwọn ni wọ́n kọ́ ọ, Christiansborg ni wọ́n pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ẹrú kí wọ́n tó ta ilé náà fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Nígbà tí Ìjẹ̀bú kó ìbọn lọ sí Òwu, ojú omi ni ìbọn ti wá. Ẹ wò ó, Àpòmù àti Copenhagen ti mọ ara wọn kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, fọ́tò ara rẹ̀ ló yà bọ̀. N kò dá a lẹ́bi. Níbo ni yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ nípa ìlú, nígbà tó jẹ́ pé láti kékeré, bó bá ti yà kúrò lọ́nà ibi tí wọ́n rán an, ẹgba ni?

Mo mọ èsì tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fọ̀. Yóò ní ajínigbé. Èmi náà ń gbé ilẹ̀ yìí, n kò ní í fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ìdílé tó ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rí èèyàn wọn gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí mò ń wí yìí, gbogbo ilé náà wọ aṣọ ẹbí lọ sí Ìbàdàn, ọmọbìnrin yìí wà láàárín wọn, agogo mẹ́wàá alẹ́ kọjá kí wọ́n tó padà. Ṣé aṣọ ẹbí ní oògùn ajínigbé nínú ni? Ọ̀nà tó jìn ju ti Àpòmù lọ, lóru, nítorí ìrẹsì àti ẹran, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù. Ọ̀sán gangan ni ọmọ lọ wo ìlú ìtòsí, ẹ̀rù wá ń bà wá. Àbí ẹ̀rù ọ̀nà kọ́ ló ń bà wá, ẹ̀rù pé ọmọ dá ìpinnu ṣe ni?

Ká tilẹ̀ gbà pé ẹ̀rù ọ̀nà ni. Ṣé ká wá ti àwọn ọmọ mọ́lé ni, àbí ká béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó gba ìbò wa? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìpín 41, sọ ọ́ kedere pé ọmọ Nàìjíríà lómìnira láti rìn yí ká gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ ilẹ̀ wọn lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ẹ̀tọ́ tí ọmọ yẹn ń jẹ ní Lund, a kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ níbí kí wọ́n tó bí i. Òfin wa kò kéré sí tiwọn. Baálẹ̀ Àpòmù ni a kò ní mọ́, ẹni tí yóò mú òfin náà ṣẹ lórí ọmọ oyè àti ọmọ tálákà bákan náà. Lónìí, ẹni tó bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà wa, ohun tó máa ń wò ni ọwọ́ awakọ̀. Bí ó bá ti rí ohun tó ń wá, ọkọ̀ lè kó ẹni tó bá wù ú kọjá.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sọ pé ọmọbìnrin ni, pé òun kọ́ ló yẹ kó máa dá rìn, mo kí yín o. Àwọn ìyá yín ńkọ́, tí wọ́n ń ru ẹrù lọ sọ́jà ọlọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́? Ọ̀nà ta ni wọ́n tọ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta jọ lọ, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọn ó dé. Ìyẹn ni mo gbà. Èyí tí n kò gbà ni "Ta ló rán ọ?"

Owó? Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Láti 2011 ni Swídìn ti ń gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ti ilẹ̀ bíi tiwa wá, kì í sì í ṣe owó kékeré. Oko ló tà. Owó ọkọ̀ lọ sí Àpòmù kò tó owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n mu lóde Ìbàdàn.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn olùkọ́ ní Ìkirè yan ọjọ́ Sátidé kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ sí ìlú tí wọn kò dé rí, kí wọ́n sì wá sọ ohun tí wọ́n rí. Kí wọ́n kọ pátákó sí gáréèjì Ìkirè àti ti Àpòmù, àkókò tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń lọ, àkókò tí èyí tó kẹ́yìn ń bọ̀, àti iye owó rẹ̀, kí ọmọ má baà máa fi ojú òun nìkan wá ọkọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí wọ́n kọ orúkọ Baálẹ̀ yẹn àti ohun tó ṣe síbi tí ẹni tó wọ ọjà Àpòmù yóò ti rí i. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì máa lọ káàkiri ọ̀nà náà lọ́sàn-án, nítorí ọ̀sán ni àwọn ọmọ ń rìn. Alága Irewọlé ní ọ́fíìsì ní Ìkirè, alága Ìṣọ̀kan ní tirẹ̀ ní Àpòmù. Èyí tó bá wù nínú wọn lè jí lọ́la, kó wọ ọkọ̀ èrò láìjẹ́ pé ẹnì kankan rán an, kó lọ bá ẹnì kejì sọ ọ́, kó sì padà dé ilé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.